Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ọkùnrin Lórí Afárá

Ojo ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá akọni kiri nínú ìtàn yìí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu géètì, kì í sì í ṣe pé mò ń lọ pe olùkọ́. Ìyàwó mi náà tètè mọ̀. Eku wọ yàrá wa lọ́sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó, òun ló pa á. Èmi wà lórí tábìlì, mò ń tọ́ka ibi tí eku sá sí fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi kí n lè rọra sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ ariwo ni mo ń ṣe jẹun. Mo ní sípíkà ńlá, mo ní makirofóònù, mo ní jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ kó tó jí, mo sì ní wáyà tó lè yí àdúgbò wa po. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ á wá háyà wọn lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,” gbogbo ohun tí mo ti sọ sétí ayé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, mo sì máa ń yára gbé makirofóònù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè èrò mi. Gbohùngbohùn ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà bá mi mu, nítorí ohun tí ẹlòmíràn bá sọ ni èmi náà ń sọ.

Odò ló pín ìlú wa sí méjì, afárá kan ló so ó pọ̀. Ilẹ̀ ni apá wa àti apá wọn kọ́kọ́ ń jà lé lórí. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé ilẹ̀, wọ́n wá ń jà nítorí ìjà àná. Àwọn tiwa ju àdó olóró sí ọjà wọn. Àwọn tiwọn dáná sun ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ń sọ “àwọn tiwa” bí ẹni pé wọ́n pè mí sípàdé. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ rárá, ẹ lè kó wọn sínú bọ́ọ̀sì kan lápá kọ̀ọ̀kan kí ààyè ṣì kù. Àwa yòókù ni a pọ̀, àwa yòókù náà ni a dákẹ́.

Ọmọ apá wọn ni ìyàwó mi. Mo fẹ́ ẹ nígbà tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kò tíì di ohun tí wọ́n ń fi ẹnu kùn sí. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ìyàwó mi kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ tọ́jú màmá, òun á dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àdó olóró kan dún kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ṣójà sì gbé irin dí afárá ní ojú méjèèjì. Òjò rọ̀, òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, irin náà kò kúrò níbẹ̀.

Fóònù nìkan ló kù fún wa. Ní àràárọ̀, kó tó lọ wẹ màmá, á pè mí, á bi mí bóyá mo ti jẹun. Màá ní mo ti jẹ. Búrẹ́dì ni. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé òun ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú ilé, títí kan wáyà iṣẹ́ mi. Òun ló ń ká wọn, òun ló mọ èyí tó ń lọ síbì kan àti èyí tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Èmi ni mo ń gba ìyìn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé mo máa ń tan rédíò sí yàrá kí ẹnì kan ṣáà máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi padà wálé. N kò wá òmìnira, n kò wá ẹ̀tọ́ ìran mi. Ìyàwó mi ni mò ń wá.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ àlàáfíà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Dókítà eyín ni alága wọn, ọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ènìyàn. Ó ní ìpàdé kan yóò wáyé ní àárín afárá. Àgbà kan láti apá kọ̀ọ̀kan yóò bẹ apá kejì ní gbangba, yóò dárúkọ ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ méjèèjì, àwọn ṣójà yóò gbé irin kúrò, afárá á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Akọ̀wé Kóòtù ni àgbà tiwa, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ṣì ń wọ táì lọ ra ìwé ìròyìn. Tiwọn ni Ìyá Agbẹ̀bí, tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó ń bára wọn jà, lápá méjèèjì. Wọ́n fẹ́ sípíkà tí yóò kọjú sí apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Dókítà bi mí ní iye tí mo máa gbà. Mo ní ìyàwó mi ni kí wọ́n fi san án.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Kògbẹ̀bẹ̀ dé. Òun ni olórí àwọn tó ń ju àdó olóró lápá wa. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tìmùtìmù ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́, kò sì sí ẹni tó ń kí i àyàfi ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ti Kògbẹ̀bẹ̀ yàtọ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó tún dọlà fún un. Ó ti ní ọkọ̀, ó ti ní ọmọ ẹ̀yìn, tó bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹni tí wọ́n ti gẹ apá kan orí rẹ̀ á dìde fún un. Mo fi ọdún púpọ̀ ju Kògbẹ̀bẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìbọn máa ń fi kún ọjọ́ orí ẹni.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí.

Ó jókòó sórí sípíkà mi, ohun tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe. “Gbohùngbohùn, wọ́n ní ìwọ lo máa gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ náà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí Akọ̀wé sọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá yẹn bá ti dìde, kí ohùn kú. Àwọn èèyàn wa ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.”

“Ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Tó bá jẹ́ èébú ni, màá ní kí o gbé e lọ sókè dáadáa. Àmọ́ tí wọ́n bá fi lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àánú á ṣe wọ́n. Wọ́n á lọ sílé. Ta ló máa wá kù lọ́dọ̀ mi?”

Ó rọra sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó dájú pé ó ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Díẹ̀ ló kù kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ló bá ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀ kí n rí ohun tó wà níbàdí rẹ̀, àánú náà sì fò lọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ṣèlérí. Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, mo tún bá a ṣí ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún, nọ́ńbà ìyàwó mi ló jáde. Ẹ̀rù ṣì wà lára mi, mo fẹ́ kí ohùn rẹ̀ tù mí nínú. N kò dúró kó kí mi.

“Adúmáadán mi,” mo bẹ̀rẹ̀, “ìtura ọkàn mi, bẹ́ẹ̀dì yìí ti tutù jù. Ìgbà wo lo máa wá fi apá ẹ gbá mi mọ́ra?”

“Mi ò tíì lè sọ,” ohùn ọkùnrin kan dáhùn. “Ó kù sọ́wọ́ iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lórí afárá.”

Ọkùnrin náà ní òun ni Tíṣà. Kò sí ẹni tí kò mọ Tíṣà. Òun ni olórí àwọn tó ń dáná sunlé lápá wọn, àwòrán yíyà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tẹ́lẹ̀. Ó ní òun wá kí ìyá ìyàwó mi, ìyàwó mi ti lọ po tíì fún òun, òun sì kàn yá fóònù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọlúwàbí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìbàdí Kògbẹ̀bẹ̀ lọ.

“Ẹ jẹ́ kí Ìyá Agbẹ̀bí parí ọ̀rọ̀ tiwọn, ẹ jọ̀ọ́, àgbà ni wọ́n. Àmọ́ tó bá ti kan Akọ̀wé yín, kí ohùn lọ. Tí àwọn èèyàn wa bá gbọ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ wá, ìjà yìí á bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

“Ẹ má ṣèyọnu, sà.”

“Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó yín ti ń bọ̀, ṣé kí n gbé e fún wọn?”

Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n bá mi kí i.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wáyà mi. Ohun kan wà tí gbogbo oníṣẹ́ wa mọ̀. Tí ẹ bá kọ ojú makirofóònù sí sípíkà, ohùn kékeré kan á jáde, makirofóònù á gbọ́ ọ, á dá a padà fún sípíkà, sípíkà á sọ ọ́ kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, títí tí yóò fi di igbe kan tó ń gún etí, tí kò ní sí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ò ní mọ èyí tó bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe rí Kògbẹ̀bẹ̀ àti Tíṣà. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí, ohun kan náà ni wọ́n sì wá bẹ̀ mí. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á padà sídìí tìmùtìmù tàbí sídìí àwòrán. Mo rí ara mi bí ọlọ́gbọ́n nígbà tí mo ro èyí, mo tiẹ̀ dìde dúró. Mo tún jókòó, nítorí kò sí ìbọn tí ọgbọ́n mi fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo wá rò nìyí, ojo nìkan ló sì lè ronú débẹ̀. Ọ̀kan ní kí n pa ohùn ìyá. Èkejì ní kí n pa ohùn bàbá. Tí mo bá pa méjèèjì, mo ti mú ìlérí méjèèjì ṣẹ. Màá fa wáyà kan yọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, màá ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Ẹ̀rọ a máa bàjẹ́. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n pa ènìyàn nítorí pé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wúkọ́. Wọ́n á sún ìpàdé síwájú, èmi á sì wà láàyè láti máa retí ìyàwó mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pinnu láti fi ọwọ́ ara mi dí afárá tí mo ń gbàdúrà kó ṣí.

Ọjọ́ pé. Afárá náà kún, okùn kan nà lápá kọ̀ọ̀kan láti dá àwọn ènìyàn dúró, àyè gbalasa sì wà láàárín tó jẹ́ ti àwọn àgbà méjèèjì, ìgbìmọ̀ àti èmi. Mo to sípíkà sí ẹ̀gbẹ́ irin afárá tó ti dípẹtà, mo sì gbé ẹ̀rọ tó kù sórí tábìlì kan. Mo rí ìyàwó mi lẹ́yìn okùn lápá wọn. Ó ti rù díẹ̀. Ó juwọ́ sí mi, ọkàn mi sì gbéra sọ. Mo juwọ́ padà, mo wọ abẹ́ tábìlì, mo fa wáyà pupa yọ.

Dókítà eyín fọwọ́ tẹ makirofóònù. Kò dún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí.

“Kí ló dé?”

“Ẹ̀rọ ni, sà. Ó bàjẹ́.”

“Ṣé kò ní pẹ́?”

“Ó máa pẹ́, sà.”

Mo mú sípánà kan dání, mo ń yí nọ́ọ̀tì kan tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn rárá. Òógùn bò mí. Àwọn ènìyàn ti ń kùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sí ẹni tó mọ èyí tínú ń run. Nígbà náà ni Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ afárá.

“Orúnkún ń dùn mí,” ó ní. “Ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni àbí èmi? Ẹ sún mọ́ bí.”

Kò sí ẹni tó mira. Ọ̀gá àwọn ṣójà wo dókítà, dókítà wo okùn. “Mo ní ẹ sún mọ́ bí,” ìyá náà tún wí, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn aboyún nígbà kan. Obìnrin kan lápá wa tẹrí ba gba abẹ́ okùn kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wọ́ bọ̀ láti apá méjèèjì. Àwọn tó wà níwájú jókòó kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, wọ́n sì jókòó bí ààyè bá ṣe gbà wọ́n, láìbéèrè apá tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti wá. Èmi tí mo fẹ́ ba ìpàdé jẹ́, mo ti tún un ṣe. Mo tún wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wọlé bá mi níbẹ̀. Ìyàwó mi ni. Ó fi ọwọ́ kan ojú mi, ó nu òógùn náà, ojú rẹ̀ sì lọ sára wáyà.

“Wáyà pupa yìí ò lè yọ fúnra rẹ̀.”

“Wọ́n halẹ̀ mọ́ mi.”

“Ta ni?”

“Àwọn méjèèjì. Kògbẹ̀bẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà fi fóònù ẹ pè mí.”

“Mo po tíì fún ọkùnrin yẹn,” ó ní. “Mo tún fi ṣúgà sí i.”

Ó nawọ́ mú wáyà náà kó lè kì í bọlé padà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yọ orí síta wo àwọn ènìyàn. Ó jẹ́ kí wáyà bọ́ sílẹ̀. “Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ti ń gbọ́.” A jáde, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Ìyá Agbẹ̀bí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Àwọn ọmọ wa ló sun ilé-ẹ̀kọ́ yín. A mọ̀ wọ́n. A gbà wọ́n sílé wa, a fún wọn lóúnjẹ, a ò bi wọ́n léèrè. Ẹ jọ̀ọ́.” Akọ̀wé Kóòtù ti kọ tirẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ó wò ó, kò kà á, ó ká a sí àpò. “Nígbà tí wọ́n ju àdó olóró sọ́jà yín,” ó ní, “mo wà nílé, mo gbọ́ ọ. Mo ní ó dáa. Mo sọ ọ́ sókè, ìyàwó mi gbọ́ ọ. Ẹ má bínú.” Ẹkún sọ lápá méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kògbẹ̀bẹ̀, géńdé ọkùnrin tí nǹkan yọ gọngọ níbàdí rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, obìnrin kan láti apá wọn sì ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ṣójà ti ń tú ìdè irin. Mo wo ìyàwó mi, mo rò ó lọ́kàn mi pé ó máa sùn sílé lónìí.

Mo wá gbójú sókè. Kògbẹ̀bẹ̀ dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn lápá wa. Lẹ́yìn gbogbo ènìyàn lápá wọn, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ tónítóní náà dúró; Tíṣà ni. Wọ́n ń wo ara wọn lókè orí gbogbo wa. Ojú àwọn méjèèjì dà bí ti ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Ìbọn dún. Òmíràn dún. Lápá wa, wọ́n ní tapá wọn ló ṣáájú. Lápá wọn, wọ́n ní tapá wa ni. Èmi wà láàárín, etí iṣẹ́ sì ni etí mi, n kò lè sọ. Ohun tí mo rí ni pé sánmà ni àwọn méjèèjì yìn ín sí. Ọta kò ba ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà mí. Àwọn tó jókòó pọ̀ dìde, kálukú ń sá lọ sápá tirẹ̀, wọ́n ń gun ara wọn mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó mi já kúrò lọ́wọ́ mi. Àwọn ṣójà tún ti ń fa irin. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, ó sì dá mi lóhùn kíá bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ibi tó kọjú sí ya èmi alára lẹ́nu. Apá wọn ni. Mo ní ìyàwó mi ní ìyá tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì; tí ìbọn bá dún, ibo ni ọmọ rere máa sá lọ? Mo ní ikú ló kù tó máa jẹ́ kí irin yẹn tún wà láàárín wa. Mo fi sípíkà sílẹ̀. Mo fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń sá bọ̀ kọjú sí mi, mo fi ìgbúnwọ́ la ọ̀nà láàárín wọn. Ṣójà kan pariwo pé kí n dúró, n kò dá a lóhùn. Irin náà pa dé gbàgà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi. Mo dúró ní òpópónà apá wọn, inú mi sì ń dùn bí ọmọdé. Mo ti ṣe ọkùnrin. Mo wá ìyàwó mi káàkiri kó lè rí mi.

Mo wá a dé ilé màmá. Kò sí níbẹ̀. Fóònù mi dún.

“Níbo lo wà?” ó bi mí.

“Mo wà nílé màmá. Ìwọ ńkọ́?”

“Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá ẹ dé abẹ́ tábìlì.”

“Kí lo wá débẹ̀?”

“Ìbọn dún, mo ní kí n yára wá ẹ kàn, kí n fà ẹ́ dání, ká jọ padà sọ́dọ̀ màmá. Ibo ni mo fẹ́ wá ẹ sí? Látìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, tí nǹkan bá ti dún, ilé lò ń sá lọ. Ta ló wá ní kí o ṣe ọkùnrin lónìí?”

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbójú láyé mi, ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi fọkàn tán ìwà ojo mi.

Lórí afárá lọ́jọ́ náà, Akọ̀wé Kóòtù kò sá. Ó dúró sí ojú kan náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọ pé, “Ẹ jókòó, ẹ jókòó.” Àwọn tó ń sá gbà á ṣubú, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, kò sì dìde mọ́. Kì í ṣe ìbọn ló pa á. Ẹsẹ̀ wa ló pa á, n kò sì lè búra pé tèmi kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi sọ fún mi pé Kògbẹ̀bẹ̀ ló sunkún jù níbi ìsìnkú rẹ̀, pé ó ní apá wọn ló pa bàbá. Lápá wọn, Tíṣà ní àwa la pa àgbà wa nítorí pé ó bẹ̀bẹ̀. Méjèèjì ti ní iṣẹ́ tí wọ́n á máa ṣe fún ìgbà pípẹ́. Kògbẹ̀bẹ̀ tún dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ìyàwó mi bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ohùn kú bí òun ṣe wí. Tíṣà náà wá sílé màmá, ó gbé búrẹ́dì wá fún mi, ó ní èmi ni mo mọṣẹ́. Mo gba búrẹ́dì náà. Mo tún ní kí wọ́n máa kílé.

Báyìí ni mo ṣe ń gbé lápá wọn. Aládùúgbò kan ń wẹ màmá, èmi ń sè, èmi ń dì í mú rìn yí yàrá po. Tí ẹnikẹ́ni bá wá kí i, màmá á ní, “Ọkọ ọmọ mi nìyí, tó ṣèèṣì dé.” Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á bi mí ìgbà tí ọmọ òun ń bọ̀. Màá ní kò ní pẹ́. Ìyàwó mi ló ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lápá kejì, àwọn oníbàárà sì ti ń sọ pé ohùn rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ yìí, ó pè mí. Ó ní dókítà eyín tún ti ń lọ sókè sódò, pé Ìyá Agbẹ̀bí ní òun á tún jáde kódà tó bá jẹ́ òun nìkan. Bóyá wọ́n á tún ṣí afárá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.

“Mo ti ro ó,” ó ní. “Èèyàn méjì ló yìnbọn, sánmà ni wọ́n sì yìn ín sí. Àwa yòókù la ṣe ohun tó kù fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, má sá wá bá mi. Má sì sá lọ sílé. Dúró síbi tí o bá wà, èmi náà á dúró síbi tí mo bá wà.”

“Akọ̀wé Kóòtù dúró.”

“Òun nìkan ló dúró. Ká ní gbogbo wa dúró ni, ẹsẹ̀ ta ló máa tẹ̀ ẹ́?”

“Tí wọ́n bá tún yìn ín ńkọ́?”

“Wọ́n máa yìn ín. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.”

Mo gbọ́ tí màmá ń fi ọwọ́ gbá ògiri, ó fẹ́ kí n wá gbé òun dìde. Mo ní màá dúró. Ìyàwó mi ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun gbà mí gbọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.